Wáyà Mẹ́ta Tó Wọ Agboolé Wa

Inú ń bí mi títí di òní, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá máa ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù, pé kí ni mo tún fẹ́ fi ìrántí ṣe. Mo ti gbọ́ tiwọn. Àwọn ò tíì gbọ́n nígbà náà. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ìyá wa, èkejì kò tíì lè di okùn ṣòkòtò ara rẹ̀. Èmi Muínátù, tí mo jẹ́ àkọ́bí, ni mo wà níbẹ̀ tí ojú mi là kedere. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí bàbá mi ra ẹ̀rọ wálé, tí ó fa iná wọ agboolé wa lẹ́yìn Ọjà-Ọba ní Ìlọrin. Kí ọdún náà tó dé, ohùn ènìyàn nìkan ló ń jí wa. Ládánì á kọ́kọ́ pe ìrun, Bàbá Àgbà á wúkọ́ nínú yàrá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo agboolé lè mọ̀ pé òun ti dìde, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro kókó, ìyẹn ẹ̀kọ mímu tí ó ń tà, àwọn ọmọ ilé-kéú á sì máa ké wáláà wọn bí ẹni pé wọ́n ń jà. Bàbá Àgbà yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, òun sì ni olórí agboolé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: “Kò sí tèmi-nìkan nínú agboolé yìí.” Tí ìyá mi bá se ẹran, ó ń sọ ọ́. Tí ẹnìkan bá ra àga, ó ń sọ ọ́. N ò rántí ọjọ́ kan tí ó sọ ọ́ nípa ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Tọ́nà ni bàbá mi. Iṣẹ́ tọ́nà ni kí ènìyàn fi ẹ̀rọ gé irin, kí ó fá a, kí ó sì sọ ọ́ di ohun tí ó bá fẹ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní ẹ̀yìn ìlú ni ó ti ń ṣe é láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, títí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sápù fi dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, tí ilé-iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn, tí wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ń wa kábúkábú. Bàbá mi ní òun mọ léètì, ẹ̀rọ tí ń fá irin, tí òun ń lò níbẹ̀, pé òun ò ní dúró máa wò kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ta ilẹ̀ tí ó jogún ní ọ̀nà Òkè-Oyì, ìyá mi ta wúrà ìgbéyàwó rẹ̀, wọ́n sì fi ra léètì náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń dá irin lu àti kékeré kan tí ń pọ́n irin. Gbogbo ohun tí a ní ló lọ sí i. Mo mọ̀, nítorí pé èmi àti ìyá mi la pọn omi tí wọ́n fi po kọnkéré tí ẹ̀rọ náà máa jókòó lé, tí mo bi í pé tí ẹ̀rọ náà ò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́, tí ó sì ní, “Muína, jẹ́ kí n gbé omi yìí délẹ̀ ná.” Ọjọ́ tí léètì dé, tíípà kò lè wọ ọ̀nà tóóró wa. Wọ́n to páìpù sílẹ̀, wọ́n ń yí i lórí rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bàbá mi ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, ó ń kìlọ̀ fún wọn bí ẹni tó ń mú aboyún wọ ọkọ̀. Ìyàwó Bàbá Àgbà yọjú, ó ní ṣé pósí òyìnbó nìyẹn. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ wà nílẹ̀ báyìí, iná ni kò sí. Fìtílà elépo òyìnbó la ń tàn. Iná ti wà ní títì láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé iná kò ní wọ ilé bàbá àwọn lójú òun. Léètì kò sì ní gbọ́ ìyẹn. Iná tí wọ́n ń pè ní tíríféèsì ló ń lò, èyí tí ó ń gba orí wáyà mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ́fíìsì àwọn oníná títí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ fi jẹ. Nígbà tí wọ́n gbà, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ ri òpó kan sẹ́nu ọ̀nà agboolé, ibẹ̀ gan-an ni Bàbá Àgbà sì ti máa ń jókòó ṣe àlùwàlá. Ó sọ fún bàbá mi pé, “Sàláwù, ìdí òpó iná ni kí n ti máa ṣe àlùwàlá?” Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, òpó náà ò tóbi. Mo máa ṣe ibòmíì fún yín, mo máa fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ.” Ó ní, “Òkùnkùn ò pa bàbá wa, kò sì ní pa mí.” Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi gbogbo ohun ìní wa rà ń dúró nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ṣe sínú agboolé, lábẹ́ tapólì, ìyá mi sì ń gbé kókó gbígbóná àti àkàrà lọ fún ọkùnrin yìí láràárọ̀, ó ń kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó jẹ̀bi. Ọjọ́ tí ẹnìkan sọ fún un pé iná máa dé yàrá tirẹ̀ náà, tí fáànù sì lè máa fẹ́ sí i lórí ibùsùn, ọjọ́ náà ló rí i pé òpó ò tóbi.

Tíṣà Dáre ló wá so iná. Ará Òmù-Àrán ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ iná ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, òun àti bàbá mi sì ti mọra láti ìgbà tí ó máa ń wá tún iná ṣe ní ilé-iṣẹ́ tó ti pa. Ó kan pátákó kan mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn Bàbá Àgbà, nítorí pé ibẹ̀ ni wáyà gbà wọlé láti orí òpó. Ihò mẹ́ta wà lára pátákó náà tí a ń ki wáyà bọ̀, tí wáyà á sì ti ibẹ̀ lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Mo dúró tì wọ́n, mo di ìṣó mú fún un. Ó pe bàbá mi, ó ní, “Ẹ wò ó, Bàbá Muína, bí mo ṣe tò wọ́n yìí ni kí wọ́n wà o. Tí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ àyè méjì péré, léètì á máa yí sẹ́yìn.” Ó mú bàbá mi lọ sídìí léètì, ó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹnu irin ràbàtà tí ó máa ń di irin mú bí wọ́n bá fẹ́ fá a. “Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ńṣe ni wọ́n lọ́ ọ mọ́ ọn bí ìdérí ìgò. Tó bá yí sẹ́yìn lójijì, á tú jáde.” Ó ní kí bàbá mi jẹ́ kí òun fa iná inú yàrá lọ́tọ̀, kó má bá ti ẹ̀rọ pọ̀ rárá. Bàbá mi lọ sọ fún Bàbá Àgbà. Èsì tí ó gbà ni pé ṣé àlejò ni òun nínú agboolé, tí wọ́n á fi bu iná tòun lọ́tọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe di wáyà yàrá Bàbá Àgbà mọ́ wáyà ẹ̀rọ nínú ihò àkọ́kọ́, wọ́n sì fa tiwa àti ti àwọn yòókù láti ihò kejì. Tíṣà Dáre wá fi pákó bo pátákó náà, ó fi àgádágodo kékeré kan tì í. Kò tíì kó irinṣẹ́ rẹ̀ tán tí Bàbá Àgbà fi jáde. “Sàláwù, ta ni wọ́n ń ti nǹkan mọ́ nínú ilé bàbá mi?” Láàrin ọmọ ìyá, láàrin ọmọ bàbá, a kì í ti àpótí mọ́ra wa, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, wọ́n sì ka ẹni tó bá tì í sí olè tàbí ọ̀dàlẹ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún un. Ó fi í kọ́ sára ìṣó nínú yàrá rẹ̀. Tíṣà Dáre wo bàbá mi, bàbá mi ò wo ẹ̀yìn. Tí mo bá ń rò ó báyìí, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ gbóná mọ́ mi lára, nítorí pé ẹni tó mọ ewu ọ̀rọ̀ náà jù lọ nínú ilé ni ìwà ọmọlúàbí mú kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

N ò ní purọ́, a jẹ̀gbádùn. Wọ́n pe àlùfáà àdúgbò, ó ṣe àdúà sí ẹ̀rọ náà, wọ́n pín sàráà, ìyá mi sì dín máásà títí epo tán nílé. Nígbà tí bàbá mi tẹ iná sí léètì ní ọjọ́ náà, kò pariwo bí a ti rò. Ó kàn ń hùn, ohùn kan tí ó lọ tààrà, tí a kì í gbọ́ mọ́ tó bá pẹ́, àfi tó bá dákẹ́. Àwọn ológì tó ń fi ẹ̀rọ lọ ògì ń gbé ọ̀pá ẹ̀rọ wọn wá, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Oyì ń gbé ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá wá lórí máṣíìnì, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mu kókó ìyá mi títí iṣẹ́ wọn fi tán. Iṣẹ́ tèmi ni gbígbá wọ́kíṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́. Irin tí léètì bá fá máa ń ká jáde bí irun, òmíràn bulúù, òmíràn dán bíi fàdákà, àwa ọmọ agboolé á sì máa so ó mọ́ etí títí tí yóò fi ya wá lára. Bàbá mi á wọlé, òórùn òróró ẹ̀rọ á bá a wọlé, ìyá mi á ní kó má fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ń kọrin. N ò gbọ́ kí ó kọrin rí ṣáájú, n ò sì gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn ọdún náà. Bàbá Àgbà náà gbádùn tirẹ̀. Fáànù ń fẹ́ sí i, rédíò rẹ̀ ń ké láti àárọ̀, ó sì ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé agboolé àwọn ti lajú.

Ààwẹ̀ wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà wá bá a ṣínu, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ tàfúsírì, ìyẹn wáàsí inú ààwẹ̀, nínú rédíò. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta náà kú láti òpó, tirẹ̀ gan-an. Irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìlú. Yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn, gílóòbù tiwa ń tàn. Bàbá mi wà ní mọ́sálásí. Mo ń gbé àwo àkàrà bọ̀ nígbà tí mo bá Bàbá Àgbà lórí àpótí, ó ti wọ sílípáàsì rọ́bà, ó ti ṣí pátákó náà, ó sì di sukurudíráfà mú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń ṣe nígbà náà, wọ́n ṣì ń ṣe é: tí iná bá lọ lórí wáyà tìẹ, o ó gbé e sórí èyí tí iná wà. Èyí tí àwọn tó kù ń gbé kì í ní léètì nídìí. Ó fa wáyà yàrá rẹ̀ jáde nínú ihò àkọ́kọ́ pẹ̀lú wáyà ẹ̀rọ tí a dì mọ́ ọn, ó ki méjèèjì bọ ihò kejì. Èyí tí ó bá nínú ihò kejì, pẹ̀lú wáyà yàrá tiwa lára rẹ̀, ó kó o sínú ihò tí ó ti ṣófo. Iná tàn ní yàrá rẹ̀, tiwa kú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, “Bàbá, ẹ ti di oníná.” Ó rẹ́rìn-ín, ó gba àwo àkàrà lọ́wọ́ mi. Kò sọ fún bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sọ fún un ní sàárì, nígbà tí wọ́n jọ kíra. Kí ni ó fẹ́ sọ? Lójú tirẹ̀, bí ẹni gbé korobá láti kànga kan sí òmíràn ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, iná ti padà sórí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ẹni tó rí i pé nǹkan ti yí. Ológì kan ń dúró de ọ̀pá ẹ̀rọ rẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọ́kíṣọ́ọ̀bù, mò ń ṣa ẹ̀wà àkàrà ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi fi ọ̀pá náà há ẹnu ṣọ́ọ̀kì, ó fún un dáadáa, ó ní bísímílà, ó tẹ iná. Ohùn tí mo gbọ́ kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀. Irin ń ha irin, lẹ́yìn náà ni nǹkan já lulẹ̀ tí ilẹ̀ mì lábẹ́ ìdí mi. Nígbà tí mo wọlé, ṣọ́ọ̀kì náà ti tú kúrò lẹ́nu léètì, ó ti fọ́ ibi tó bà lé, ó sì wà lórí ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi. Kò pariwo. Ó ní, “Muína, pa iná,” mo pa iná, lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá ké. Ológì náà ló bá wa gbé irin kúrò. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, ọwọ́ náà wà, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ ká sínú, wọn ò sì ṣí mọ́ títí dòní. Tọ́nà tí kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún di nǹkan mú kì í ṣe tọ́nà mọ́, kò dìgbà tí dókítà bá sọ ìyẹn fún un.

Tíṣà Dáre dé ní ọ̀sán. Ó wo léètì, ó lọ sídìí pátákó, ó yọ gbogbo fíúsì tí iná ń gbà kọjá níbẹ̀ sínú àpò rẹ̀, iná sì kú ní gbogbo agboolé. Ó bèèrè pé ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí. Bàbá Àgbà jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. “Èmi ni. Iná yàrá mi lọ, mo gbé e síbi tí iná wà. Ṣé iná yàtọ̀ síra wọn ni?” Tíṣà Dáre ní, “Bàbá, mo kìlọ̀ fún Bàbá Muína nígbà tí mò ń ṣe é.” Bàbá Àgbà ní, “Kò sọ fún mi. Tó bá sì sọ fún mi, kádàrá ni kádàrá.” Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kádàrá ní ọ̀sán ọjọ́ náà ju bí mo ti gbọ́ ọ rí lọ. Àwọn obìnrin agboolé ń fi í tu ìyá mi nínú. Àwọn àlejò ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo nígbàgbọ́ nínú kádàrá, mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mo rí sukurudíráfà náà lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú.

Nígbà tí bàbá mi ti ọsibítù dé, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó dúró níwájú pátákó náà, ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bà mí jẹ́. Ẹ̀yin lẹ ṣe mí báyìí.” Ó pariwo rẹ̀, gbogbo agboolé gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n torí rẹ̀ pe ìpàdé. Wọn ò pe ìpàdé nítorí ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, àwọn àgbà ẹbí jókòó lórí ẹní, wọ́n ní Sàláwù gbé ohùn sókè sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ààwẹ̀, pé ṣé Ọlọ́hun ni ó ń bá jà. Ìyá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ó lọ wo ìkòkò rẹ̀. Ní Ìlọrin, ọkùnrin kì í dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí pé Ọlọ́hun nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kò tó. Ó kúnlẹ̀. Kò rí ọwọ́ fi gbé ara rẹ̀ ró, ó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó ti ń kúnlẹ̀, kò sí ẹni tó dì í mú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí.” Bàbá Àgbà ní, “Mo foríjì ọ́, Sàláwù. Ọlọ́hun á fún ọ ní àlàáfíà.” Lẹ́yìn náà ni ó wá ní, “Ìgbà wo ni iná máa padà sí yàrá mi?”

Bàbá mi dìde. Ó rán mi sí Tíṣà Dáre kí n gba fíúsì wá. Ó fi ọwọ́ òsì kì wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ló bá a di pákó mú, iná sì tàn. Léètì kò tún ṣiṣẹ́ mọ́. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì fọ́ kò ṣe é tún ṣe, bàbá mi ò sì ní ọwọ́ tí yóò fi lò ó. Ẹnìkan ra èyí tó kù níbẹ̀, wọ́n to páìpù sílẹ̀, wọ́n yí i jáde. Wọ́n fi bàbá mi ṣe ẹni tó ń ṣọ́ sítóò ní ilé-ìwé kan ní Tanke, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi dàgbà. Ìyá mi ń ta kókó. Àwọn àbúrò mi ń wo tẹlifíṣọ̀n ní yàrá Bàbá Àgbà, nítorí pé ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà.

Bàbá Àgbà dàgbà dáadáa kí ó tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣe fìdáù fún un, èrò kún ẹnu ọ̀nà agboolé dé títì. Ìjókòó àwọn ọkùnrin wà ní ìdí òpó, bàbá mi wà láàrin wọn gẹ́gẹ́ bí àbúrò òkú. Àlùfáà tí wọ́n pè kì í ṣe ará àdúgbò. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ni ó ń sọ. Ó to iṣẹ́ rere òkú lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní ẹni tó lajú ni, pé nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń bẹ̀rù, òun ló gbà kí òpó dúró síbi àlùwàlá rẹ̀, òun ló mú iná wọ agboolé yìí. Ó ní kí Ọlọ́hun fi ìmọ́lẹ̀ tí ó mú wọlé fún wa tan sàárè rẹ̀. Mo yíjú wo bàbá mi láàrin àwọn ọkùnrin náà. Ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún àdúà, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ àti èyí tí kò lè ṣí. Ó ní, “Àmín.”